Ìlà Tó Yí Ẹsẹ̀ Mọ́tò Ká

Ẹlẹ́hàá ni mí nílé ọkọ mi ní Lomé, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣàánú mi o. Bàbá mi ti sọ fún mi kí ìgbéyàwó tó dé pé ọkùnrin náà kò ní jẹ́ kí n máa jáde, mo sì ní kò burú. Ṣebí ní Abẹ́òkúta náà, inú ilé ni mo ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi tí mo ń ya àdìrẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé kí èèyàn jókòó yàtọ̀ sí kí wọ́n mú un jókòó síbì kan.

Ẹsẹ̀ mọ́tò ni ọkọ mi ń tún ṣe. Kòtò ló kún ojú ọ̀nà ìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ òkun sì ń jẹ irin bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Wọ́n á gbé ríìmù, irin róbótó tí táyà ń jókòó lé, wá bá a nílé, á ti tẹ̀, á sì ti dógùn-ún. Kò ní ṣọ́ọ̀bù kankan, àgbàlá wa ni ṣọ́ọ̀bù. Á fi irin náà kọ́ sára ọ̀pá kan, á máa yí i, á sì di ẹfun mú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìmira. Ibi tí ẹfun bá ti kàn án, ibẹ̀ ló yọ jáde nìyẹn. Á fi òòlù onígi lù ú jẹ́jẹ́ títí ẹfun kò fi ní kan ibì kankan mọ́, á fi pépà oníyanrìn ha á, á fi kẹrosíìnì nù ún, kó tó wá kùn ún lọ́dà.

Ọwọ́ rẹ̀ dára lórí òòlù. Tó bá di ti ọ̀dà, Ọlọ́run ò fún un. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn kí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ẹsẹ̀ mọ́tò wọn ká, ìlà tirẹ̀ sì ń rìn bí ọ̀mùtí. Lọ́jọ́ kan mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí. Mo wá mú ìyẹ́ adìẹ kan, mo gé ẹnu rẹ̀ bí ìyá mi ti kọ́ mi láti gé e fún àdìrẹ, mo ní kó gbé irin náà lé orí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀. Èmi ò mi ọwọ́ rárá, irin ló ń yí. Nígbà tó yí dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, orí ìlà pàdé ìdí ìlà. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń fa ìlà, òun ni wọ́n ń yìn. Ìyẹn ò dùn mí. Mo mọ ẹni tó fà á.

Ní ọdún kẹta, oníṣòwò obì kan ti Abẹ́òkúta dé, ó ní ojú ìyá mi ti ń ṣú. Iṣẹ́ tí ìyá mi rán an ni pé kí n tètè wá, kí òun rí mi nígbà tí òun ṣì ń ríran. Ọkọ mi ní a ó lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá lọ, kò sì sí ẹni tó lè kọjá ibodè láìgba lesepasé, ìwé àṣẹ ìrìnnà. Òyìnbó tó ń fọwọ́ sí ìwé yìí ní bíró, ọ́fíìsì ìjọba, ló sì ni mọ́tò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àgbàlá wa. Ó ní tí a bá ti parí wọn, òun á fọwọ́ sí i.

A parí wọn, wọ́n sì dára ju bó ṣe yẹ lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ẹsẹ̀ ìpamọ́ mọ́tò náà ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ó fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ti bíró. Gbogbo ìgbà tí ọkọ mi bá béèrè ìwé, ó máa ń dáhùn pé “après.” Ọ̀rọ̀ Faransé tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, ó túmọ̀ sí “tó bá yá.” Oṣù mẹ́fà kọjá. Ojú ìyá mi ò gbọ́ Faransé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra àgbàlá náà. Mo mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti kànga dé ibi aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà: mẹ́tàlélógún. Mi ò rí ẹni bá jà, torí ọkọ mi náà ò lè kọ iṣẹ́ òyìnbó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo wá rò ó pé ìlà gígún yìí ló so wá mọ́lẹ̀. Tí iṣẹ́ wa ò bá wù ú mọ́, á jẹ́ ká lọ.

Ọkọ mi lọ kírun Àlàásàrí. Mo fi ọwọ́ òsì yí irin, mo fẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún mi yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ náà kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, ìlà náà burú bí mo ti fẹ́. Mo kọ ojú irin náà sí ògiri kó lè gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi dì í sínú àpò, ó rù ú lọ fún òyìnbó náà.

Kò padà wálé. Ní ìrọ̀lẹ́, gáàdì kan dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní wọ́n ti tì í mọ́lé, pé ó fi ọ̀gá ṣe ẹlẹ́yà. Mi ò lè jáde lọ bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ méjìlá ni mo fi jókòó ti odó yẹn, mo sì ń bú ara mi.

Ọjọ́ kẹtàlá ló wọlé. Wọ́n ti fá irun rẹ̀, ẹsẹ̀ mọ́tò kan náà ló sì rù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ forí jì mí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo rí i kí n tó dì í sínú àpò.”

Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi gbé e lọ.

“Mo rò pé òyìnbó náà máa lé wa ni. Èmi náà fẹ́ ká lọ.” Ó gbé irin náà lé orí odó. “Jókòó. Mú ìyẹ́ rẹ.”

Ó yí i, mo fà á, ó gún. Òjò ọdún kan tún rọ̀ kọjá lórí wa níbẹ̀. Wọ́n gbé òyìnbó náà lọ sí ibòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé wa láìtilẹ̀ gbójú sókè.

Nígbà tí a dé Abẹ́òkúta, ìyá mi wà lórí ẹní nínú yàrá tó ti kọ́ mi níṣẹ́. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó fi ìka wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

“Ọwọ́ ta nìyí?” ó ní. “Ọwọ́ ọmọ mi ò le báyìí.”

Mo ní èmi ni. Mo sọ fún un nípa ẹsẹ̀ mọ́tò, ìyẹ́ adìẹ, àti ìlà tí mo ń fà. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

“Ṣé ìlà rẹ ń gún?”

“Ó ń gún, ìyá mi.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun mọ̀ pé ó máa gún. Mo kọ ojú mi sí ògiri, àfi bí ẹni pé ó ṣì ń ríran.