Ọ̀nà Omi Nínú Àgbàlá Wa

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta íńtálọ́ọ̀kì síwájú ilé aládùúgbò mi. Mo ń gbọ́ òòlù rọ́bà wọn, òórùn yanrìn tútù sì gba ojú wíńdò wọlé bá mi. Ara mi ò gbà á. Mo wọ sálúbàtà, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan jáde, mo bi ọ̀gá wọn pé níbo lomi máa gbà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Mọ́mì, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ báyìí." Mo bá da omi náà sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ò wá ilẹ̀ tútù o, ọ̀nà omi ni mò ń wá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Bàrígà ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́. Yàrá mẹ́fà ló yí àgbàlá ká. Àárín àgbàlá yẹn ni wọ́n sin Bàbá Àgbà sí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ sàréè ẹ̀ ga tó orúnkún. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹ̀. Orí ẹ̀ la ti ń ṣa ẹ̀wà. Ìyàwó ẹ̀, Ìyá Àgbà, ń gbé yàrá tó kángun sẹ́yìn pátápátá. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ìyá yìí ti rọ. Ibi tá a bá gbé e jókòó sí ló máa wà títí a ó fi dé. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni kò rọ.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàámi ń ṣe ní Ṣómólú. Lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, pósítà olóṣèlú pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ débi pé yíǹkì kì í kúrò léèékánná ẹ̀. Ó ní ìjọba tuntun ń bọ̀, ilé wa náà gbọ́dọ̀ di tuntun. Àgbàlá tó máa ń di ẹrẹ̀ lójò, kankéré ló máa fi bò ó. Ẹ̀yìn pósítà tó bàjẹ́ ló ya àwòrán ẹ̀ sí. Tá a bá yí i padà, olóṣèlú kan á máa rẹ́rìn-ín sí wa. Ibi ìdáná níhìn-ín, ibi ìfọṣọ lọ́hùn-ún, gbogbo ìlà gún régé. Màámi wò ó títí, ó ní omi ńkọ́. Bàámi ní omi ò ní ṣàìmọ ọ̀nà lọ.

Àṣìṣe òǹtẹ̀wé nìyẹn. Lójú tiẹ̀, ohun tí kò bá tẹ́jú kò dára. Ó dúró ti bíríkìlà lórí pé kí àgbàlá tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ibì kan má ga ju ibì kan lọ. Nígbà tó gbẹ, a fi ẹsẹ̀ lásán jó lórí ẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì wá kí wa. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i pé ojú kankéré ti ga ju ilẹ̀ yàrá Ìyá Àgbà lọ.

Ilé ìwé ni mo wà nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, bàámi àti màámi wà níbi iṣẹ́. Mo délé, mo bá omi ní yàrá Ìyá Àgbà, ó ti dé etí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó gbé àpótí aṣọ ẹ̀ lé itan. Ó ti ké títí ohùn ẹ̀ fi há, ariwo òjò ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Eyín ẹ̀ ń gbá pàkàpàkà. Ó rí mi, ó ní, "Bọ́ bàtà ẹ, kí omi má bà á jẹ́." Mo bú sẹ́kún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mi ò lè gbé e. Mo fi abọ́ gbọ́n omi títí apá mi fi kú, omi ò dín.

Láti ọjọ́ náà, tí ojú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí, àyà wa á já. Omi ń wọ yàrá tiwa náà, ayálégbé ló sì wà nínú àwọn yòókù. Orí tábìlì là ń gbé Ìyá Àgbà sí bí ẹrù. Ojú ń tì í, á fi ìborùn bojú. Bàámi ò lè jẹun mọ́. Lọ́jọ́ kan mo bá a níbi tó ti ń wo ẹ̀yìn pósítà ẹ̀, tó ń sunkún, ẹ̀rù sì bà mí ju ti omi lọ.

Màámi ló rí ọ̀nà. Ó lọ́ ìró mọ́dìí, ó dúró nínú òjò, ó ń ju ewé sómi, ó ń wo ibi tí wọ́n ń lọ. Gbogbo ewé dé ìdí sàréè, wọ́n ṣẹ́rí padà sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà. Kànga wà lápá kan sàréè, ẹnu ọ̀nà àwọn ayálégbé wà lápá kejì, omi ò ṣeé darí gba ibẹ̀. Àfi ká wó sàréè náà palẹ̀, ká tún kankéré dà kó dagẹ̀rẹ̀ lọ sí gọ́tà iwájú ilé, kí omi sì gba orí Bàbá Àgbà kọjá.

Bàámi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ l'Abẹ́òkúta, tó jẹ́ olórí ẹbí. Ẹ̀gbọ́n dé, ó ní ó tì o, a kì í da omi ìdọ̀tí lé bàbá ẹni láyà. Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kankéré tó fi ń yangàn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀sà. Ìgbà náà la gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà láti inú yàrá.

"Ogójì ọdún lèmi àti ọkùnrin yẹn fi sùn lórí ẹní kan náà. Kò sígbà tí mo ní kó sún tí kò sún. Ẹ ní kó sún fún mi."

Ẹ̀gbọ́n bàámi ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ ti sàréè, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí bàbá ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ká gbé òòlù ńlá wá, òun fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ lù ú. Wọ́n wó gbogbo ohun tí wọ́n mọ ga, ó bá ilẹ̀ dọ́gba. Kí bíríkìlà tó da kankéré tuntun, màámi ń da omi, bàámi ń fi ojú tẹ̀ lé e, kò jiyàn mọ́.

Nígbà tí òjò dé, Ìyá Àgbà ní ká gbé òun sẹ́nu ọ̀nà. Omi gba orí ọkọ ẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, ó jáde sí gọ́tà. Mo rò pé inú ẹ̀ máa dùn, àmọ́ ńṣe ló ń sunkún. Òjò ọdún yẹn nìkan ló lò níbi gbígbẹ. Kó tó kú, ó ní ká má mọ sàréè tòun ga o. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Àgbà la tẹ́ ẹ sí.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ṣọ́ọ̀bù bàámi ò sí mọ́, olóṣèlú inú pósítà ti rẹ́rìn-ín tiẹ̀ lọ, wọ́n sì ti yí òrùlé ilé wa padà. Omi tí mo dà lọ́jọ́ Ẹtì ṣẹ́rí padà sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò mi, ọ̀gá àwọn ọmọ náà sì gbé òòlù sílẹ̀. Mo bi í pé ta ní ń sùn nínú yàrá ibẹ̀ yẹn. Kò mọ̀.

Títí dòní, tí òjò ńlá bá rọ̀, mo máa ń pe àbúrò mi tó ń gbé ilé Bàrígà lórí fóònù. Mo máa ń bi í pé ṣé omi ń kọjá. Á ní, "Ó ń kọjá, Àǹtí, ilẹ̀ gbẹ." Màá jókòó jẹ́ẹ́, màá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì tó sún fún wa.