Ojú Kan Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Ríran

Ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń ríran. Èéyí ló bá a jà ní kékeré, kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ojú òsì rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Ojú ọ̀tún tó kù ló fi tọ́ mi dàgbà ní Manigri lẹ́yìn tí ìyá wa kú, òun náà ló fi ń ran aṣọ wa tó bá ya, tó fi ń yan iṣu tí a óò gbìn. Kò ráhùn rí. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé, á fa ìborí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó ti ń ṣe é pẹ́ débi pé àwa ará ilé kò kíyè sí i mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ irun dídì ní Bassila, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Nígbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ pé àwọn ẹbí òun ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ìyá rẹ̀ yóò ṣe jókòó láàárín èrò. Obìnrin kan wà ní ọjà Bassila tó ń ta ìpara àti àtíkè. Ó tún ń ta lantíì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ọmọge ń fi sórí ẹyinjú kí àwọ̀ ojú wọn lè yí padà. Ọmọ náà bi í bóyá ó lè bo ojú tó funfun.

"Yóò bò ó pátá," ni obìnrin náà dáhùn. "Èyí tó dúdú ni kí o mú fún ìyá rẹ."

Kò béèrè ìwé dókítà. Àwa náà kò mọ̀ pé ó yẹ kó béèrè.

Àwa méjèèjì la jọ gbé e lọ sí Manigri. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Ṣé èmi àgbà yìí lẹ fẹ́ sọ di ọmọge?"

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká kàn wò ó," ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ó bá a fi ọ̀kan sí ojú òsì. Ó bo funfun náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dúdú ju ojú ọ̀tún lọ, ẹni tó bá wò ó yóò mọ̀. Méjì méjì ni wọ́n ń tà á. Nítorí náà ọmọ náà mú èkejì, ó fi sí ojú tó dára, kí méjèèjì lè bára dọ́gba.

Mo gbé dígí fún un. Ó wo ara rẹ̀ títí.

"Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?" ó béèrè, ó sì bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna dé, àárín ilé ló jókòó sí, ó ń wo gbogbo wọn lójú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọkọ ní ojú ẹ̀gbọ́n mi lọmọ rẹ̀ jogún. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò fẹ́ yọ ọ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ti fi hàn án pé kó máa yọ ọ́ kó tó sùn, kó sì máa rẹ ẹ́ sínú omi tó bá a wá. Nígbà tí omi yẹn tán, ó lo omi kànga. Nígbà mìíràn ó máa ń sùn pẹ̀lú rẹ̀ lójú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ kí òun jí bá ojú òun méjèèjì.

Ojú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó rò pé eruku ọyẹ́ ni. Aládùúgbò kan bá a fún omi ewé sí i. Nígbà tí wọ́n fi alùpùpù gbé e wá bá wa ní Bassila, kò lè la ojú náà sí ìmọ́lẹ̀, nǹkan funfun sì ti yọ lórí ẹyinjú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ibẹ̀, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Parakou.

Dókítà ojú tó wà níbẹ̀ yí páálí lantíì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ó bi wá ní Faransé pé, "Ta ló yẹ ojú rẹ̀ wò kó tó lò ó?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni mo dáhùn.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní nǹkan ìṣègùn ni, òfin kò gbà á kí wọ́n máa tà á lórí tábìlì ọjà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Irú èyí wà tí a máa ń ṣe fún ojú tó bà jẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. A kì í fọwọ́ kan ojú tó dára."

Ọmọ náà káwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò gbọ́ Faransé, ń yí orí kiri láàárín wa.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ká máa lo oògùn," ni mo dá a lóhùn.

A lo oògùn náà tán, ojú kò là.

Ọmọ rẹ̀ lọ fẹjọ́ sun àwọn sàndámù, ọlọ́pàá ìjọba. Wọ́n kó gbogbo lantíì tó wà lórí tábìlì obìnrin náà, wọ́n sì pe gbogbo wa. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, n kò mọ̀. Èmi náà ń lò ó." Ó sì yọ tirẹ̀ kúrò lójú níṣojú wa.

Ọ̀gá wọn béèrè bóyá a fẹ́ gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn: "Ẹ má jẹ́ kó tún tà á fún ẹlòmíràn. Ní tèmi, kò sí ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Inú bí ọmọ náà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo rí irú páálí kan náà lórí tábìlì mìíràn ní ọjà Bassila. Mo dúró, mo bá olówò náà sọ̀rọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ọjà òun tà.

Ọmọ náà ti fi iṣẹ́ irun sílẹ̀, ó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣì ń wá kí wọn. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, abẹ́ igi kajú ni mo bá àwọn méjèèjì. Ọmọ ń fi igi gbá ewé kúrò, ìyá ń fọwọ́ tá ilẹ̀, ó ń já kóró kúrò lára èso.

"Máa lọ sílé ọkọ," ẹ̀gbọ́n mi ń wí fún un. "Mo ti mọ ọ̀nà oko yìí láìríran."

Ọmọ náà kò gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ ká ṣa èyí tán ná, ìyá mi."