Ọ̀sán Tí Igbá Omi Wà Lọ́wọ́ Mi

Bí omi bá ti ń kán díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ sínú garawa, ó máa ń rẹ̀ mí. Ìsun wa ní Kàbà ni mo máa ń gbọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé ni wọ́n ń fi síbẹ̀ láti bu omi fún àwọn obìnrin, igbá mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ọmọdé kò ní orogún tí yóò fi omi dù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kàn mí.

“Okun o, Ọlọ́run omi,” ni ìyá arúgbó kan kí mi ní ìkíni ilẹ̀ wa, ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀. “Ojú àánú ni kí o fi wò mí o.”

Mo rò pé n ó tún ayé gbogbo wọn ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bu igbá mẹ́rin fún un. Mo fi kún ti aboyún, mo fi kún ti ẹni tó ń sunkún. Gbogbo wọn súre fún mi.

Nígbà tó fi kan ìyá mi, tó pọn àbúrò mi tí ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ẹrẹ̀ ni igbá mi ń họ.

“Ẹ dúró, yóò tún sun,” mo wí.

“Ó di òwúrọ̀ nìyẹn. Jẹ́ ká lọ. Kì í ṣe ìwọ lo mú omi kéré.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló lọ tò sẹ́yìn, kí wọ́n má baà ní mo ṣojúsàájú.

Nílé, omi orí ògì ló fi ń nu ọmọ náà lára. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tí agbára mi ká kò ju ìyẹn lọ.