Ẹ̀jẹ̀ Mi àti Aró Ìyá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Nígbà tí aró ìyá wa kọ̀ tí kò mú aṣọ mọ́, òun ló sọ pé ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá wa kò jẹ́ kí n sún mọ́ ìkòkò aró mọ́. Wọ́n rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jogún ìkòkò. Mo di olùkọ́, mo fẹ̀yìn tì, àwọn ènìyàn ní mo ṣoríire. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ òórùn aró ní ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan, ẹsẹ̀ mi a dúró fúnra rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò ní ọ̀fun mi. Ohùn tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ di èémí lásán. Dókítà ní kòkòrò àìfojúrí kan ló fa jẹjẹrẹ náà, àti pé ara mi ti kó ọmọ ogun jọ sínú ẹ̀jẹ̀ láti bá a jà. Áńtíbọ́dì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò látìgbàdégbà. Bí áńtíbọ́dì bá ń dín kù, ó ṣeé ṣe kí ogun ti parí. Bí wọ́n bá tún pọ̀ sí i, wọn yóò tún ọ̀fun wò fínnífínní.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi lọ sí ilé ìwòsàn láti Láfẹ́nwá, òun ló sì ń dáhùn ìbéèrè fún mi, èékánná rẹ̀ dúdú fún aró. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀," nọ́ọ̀sì sọ fún un.

"Ohùn rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò," ó dáhùn. "Èmi ló ní kí n máa ṣọ́lé."

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà wo èsì, ó ní, "Áńtíbọ́dì yín ti lọ sílẹ̀ dáadáa, Màmá," ó sì jáde lọ bá aláìsàn mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ ni. Lójú tirẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà mi ló ti kú tán. Ó tú gèlè rẹ̀ sórí itan. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ohùn kò jáde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i padà, ó ń wò ó bí ẹni ń wo aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò.

"Èmi ni mo bu omi lásán sí aró ọjọ́ yẹn," ó ní. "Ọwọ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ìyá wa bá ìwọ náà wí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa lé ẹ nídìí ẹ̀."