Abọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Èbúté

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi sanra, ara rẹ̀ ń dán, ó sì ń jowú tọ̀sán-tòru. Bí ọkọ rẹ̀ bá ṣèèṣì yin ọbẹ̀ tí èmi tí mò ń bá wọn gbé sè, ìkòkò á máa dún gbàgàgbàgà nílé ìdáná títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọkọ rẹ̀ yìí, Káfíńtà Omi ni gbogbo èèyàn ń pè é. Etí adágún ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Òun ló ń ri òpó mọ́lẹ̀ sínú omi, tó ń tẹ́ pákó lé e lórí, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ibi gúnlẹ̀ sí lẹ́yìn ilé àwọn olówó. Òun náà ló ń to òkúta sí etí ilẹ̀ wọn kí ìgbì má baà jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ dúdú kan tó nípọn kí iyẹ̀pẹ̀ má baà sá, á wá to òkúta ńlá sísàlẹ̀, á to wẹ́wẹ́ sókè.

Ṣùgbọ́n èbúté kankan kì í parí lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bí ẹ̀gbọ́n mi bá rìn ín. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Abọ́ onírin funfun kan wà, tí ọ̀dà etí rẹ̀ ti họ. Ẹ̀gbọ́n mi á bu omi kún un dé ẹnu, á gbé e rù, á rìn láti etí ilẹ̀ dé òpin pákó. Bí omi bá dànù, òpó kan ṣì ń mì nìyẹn. Bí kò bá dànù, á da omi náà padà sínú adágún, ọkọ rẹ̀ á sì kó irinṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé kò sí ẹni tí ọrùn rẹ̀ dúró bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi ju góòlù lọ.

Lọ́jọ́ kan tó ń rìn lórí èbúté tuntun, awakọ̀ tó ń já òkúta fún wọn pariwo pé, "Bí pákó yìí bá gba ìyàwó yín, ó gba màlúù!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ọkọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi sọ abọ́ kalẹ̀.

"Ẹ má pè mí mọ́ láéláé," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ lọ wá màlúù tó máa gbé abọ́ fún yín."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kò bẹ̀ ẹ́ mọ́, ó kó abọ́ náà mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó tún gbà lẹ́yìn ìyẹn ni ti Màdáàmù Etí Omi, obìnrin kan tó ń dá gbé nínú ilé ńlá tí adágún ti ń jẹ ọgbà rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tó nǹkan ni, síbẹ̀ kò parí. Lónìí, Káfíńtà á ní òun fẹ́ tún òkúta tò. Lọ́la, á ní pákó kan ti wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́.

"Kí lẹ ń gbóòórùn?" mo bi í.

"Lọ́fínńdà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹrẹ̀ nìyẹn."

"Ẹrẹ̀ wo ló ń ta sánsán báyìí?"

Awakọ̀ òkúta yẹn náà ló tún wá da epo síná. Ó dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé wa, ó yọ orí síta. "Ìyàwó Káfíńtà, ẹ kú ìsinmi o! Màdáàmù ti gba iṣẹ́ yín. Mo rí i láàárọ̀ yìí lórí èbúté, ó gbé abọ́ funfun yẹn rù, ó ń yan bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Omi ò tiẹ̀ ta sí i lára!"

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. Bàtà ló wọ̀, ó wọ tọ̀tún sí òsì. Mo tẹ̀lé e, torí bí ìjà bá dé, ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa dì í mú.

"Abọ́ mi!" ló ń wí lójú ọ̀nà. "Ti ọkọ, mo lè fara dà á. Abọ́ mi ńkọ́?"

A bá Màdáàmù lórí àga nínú ọgbà, ó rí tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi ò kí i. Ó kọjá lára ọkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta, ó he abọ́ létí omi, ó bu omi kún un, ó gbé e rù. À ń wò ó. Nígbà tó dé orí òpó tó gbẹ̀yìn, pákó ké, abọ́ sì fì. Omi dà sí i lójú, ó dà sí i láyà.

Ó yíjú sí wa, ó tutù rinrin, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó jàre lẹ́jọ́. "Ẹ ò rí i? Ó ń mì!"

"Kò kúkú mì fún mi," ni Màdáàmù wí.

"Ṣé ẹ ò rí ara yín ni, mà?" mo wí. "Bí ẹyẹ bá bà lé e, ṣé ó máa mì?"

Káfíńtà dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Èmi kọ́ ni mo ní kí Màdáàmù rìn ín. Ọ̀rọ̀ mi ló sú wọn. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti parí, kí ni mo tún ń dúró dè."

"Kí lẹ ń dúró dè lóòótọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi ti dé iwájú rẹ̀.

"Ìwọ ni. O ní kí n má pè ọ́ mọ́ láéláé."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo òkúta tó tò. Ó ti to etí omi tán. Ó ti gba àárín ọgbà kọjá, ó ti to òkúta dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná Màdáàmù, ibi tí ìgbì kankan ò lè dé láyé. Ẹ̀gbọ́n mi náà rí i. Mo rò pé ẹkún ló máa sun.

"Ẹ sì fi mí rẹ́rìn-ín," ló wí.

"Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Má bínú."

Káfíńtà wọ inú omi, ó fi òòlù ńlá lu òpó náà wọlẹ̀ títí tí kò fi lè lọ mọ́, ó sì kan igi mọ́ ọn ní ìbú. Ẹ̀gbọ́n mi tún bu omi, ó tún rìn. Omi kò dànù rárá, ó sì dà á padà sínú adágún. Màdáàmù pàtẹ́wọ́, ó nawọ́ pé kóun bá a gba abọ́.

"Rárá o, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó gbá abọ́ náà mọ́ àyà.

Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni abọ́ náà wà báyìí. Bí èbúté kan bá kù díẹ̀ kó parí, ọkọ rẹ̀ á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, "Ìyá wọn, jọ̀ọ́, wá bá mi rìn ín." Ẹ̀gbọ́n mi á ní orúnkún ń dun òun. Á ti wọ bàtà kó tó sọ bẹ́ẹ̀.