Àwọn Tó Ń Pe Orúkọ Mi Lókè Òkun

Iṣẹ́ mi ni láti wádìí ìdí tí àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, fi máa ń yí padà bá iṣan àti ọpọlọ ẹni jà. Mo ti kọ ọ́ síwèé títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Nídìí iṣẹ́ tiwa, kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé púpọ̀ ni wọ́n ń kan sáárá sí, bí kò ṣe ẹni tí àwọn onímọ̀ mìíràn ń dárúkọ nínú ìwé tiwọn. Bí wọn ò bá dárúkọ rẹ, o kàn ń dá sọ̀rọ̀ ni. Ó pẹ́ tí mo fi ń dá sọ̀rọ̀.

Àfi bí àrùn tí mo ń kọ ìwé lé lórí ṣe wá wọlé wa ní Lálúpọn. Ìpéǹpéjú ìyá mi ló kọ́kọ́ ń wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń yan gàrí, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, rò pé oorun ni. Nígbà tí mo rí i tí ìyá mi ń fi ìka gbé ìpéǹpéjú sókè kí wọ́n tó rí mi, mo ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n kí dókítà tó sọ ọ́. Ìmọ̀ náà kò ṣe mí láǹfààní kankan. Oògùn wà tí kò lè wo àrùn náà tán, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń lò ó lásìkò, á máa jẹun, á máa rìn, á máa bú ọmọ rẹ̀. Bó bá dá a dúró, ọ̀fun á kọ oúnjẹ, lẹ́yìn náà èémí á kọ̀. Ìyá mi ń lò ó, wọ́n sì ń bú wa dáadáa.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo lọ kí wọn. Inú mi ń dùn, nítorí ìwé mi kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbayì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wọn dé ni, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wọn.

"Màmá, àwọn òyìnbó ti ń dárúkọ mi nínú ìwé wọn o. Ní Jámánì, ní Jàpáànì, níbi tí mi ò dé rí."

Wọ́n fi ìka gbé ìpéǹpéjú kan, wọ́n wò mí.

"Ṣé o mọ̀ wọ́n?"

"Rárá, mà. Iṣẹ́ mi ni wọ́n mọ̀."

"O ò mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́, wọ́n wá ń pe orúkọ rẹ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Sọ fún wọn kí wọ́n yéé pè é."

Èmi tí mo ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wá ẹni tí yóò pè mí! Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé. Gbogbo rẹ̀ ló yé wọn, nítorí ìyá mi kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò sí àdúrà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbà bí èyí tí wọ́n ń gbà nítorí àwọn tó ń pe orúkọ ọmọ ẹni lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá mi ò sọ fún wa pé àwọn ti gba ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ mi yìí. Kò sóúnjẹ, kò sómi, kò sóògùn, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Wòlíì sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn kan, wọ́n ní rárá. Mo ti wá ọ̀nà tí mo lè fi dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi, ì bá tù mí lára, mi ò rí i. Ìyá mi ló purọ́, nítorí tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan: "Tètè máa bọ̀ lọ́síbítù. Màmá ò lè gbé itọ́ mì."

Ọkọ̀ tó ń kó gàrí lọ sí Ìbàdàn ló gbé wọn wá. Ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Ìyá mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ojú wọn ti pa dé. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo sì pa irọ́ kan ṣoṣo tí mo ní.

"Màmá, wọn ò pè mí mọ́ o. Wọ́n ti gbàgbé mi."

Wọ́n fún ọwọ́ mi pọ̀ díẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà síwèé kí àwọn dókítà lè fi kọ́gbọ́n. Mo gbà. Òfin iṣẹ́ wa kò jẹ́ kí a dárúkọ aláìsàn, nítorí náà "àgbà obìnrin kan láti ìgbèríko" ni a pè wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ, ìwé yẹn ni ayé ń tọ́ka sí jù. Fóònù mi á dún, á ní ẹnì kan tún ti dárúkọ mi ní ìlú kan tí mi ò mọ̀. Èmi kì í ṣí i mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba àdúrà ìyá wa ṣe. Bí mo bá lọ sí Lálúpọn, á kúnlẹ̀ lórí ẹní wọn, á ní kí Ọlọ́run gba orúkọ mi lẹ́nu àwọn tó ń pè é. Èmi náà á kúnlẹ̀ tì í, màá sì máa ṣe àmín.