Ọjọ́ Tí Mo Fi Igi Dáná Níwájú Ilé Oní-gáàsì Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ ìṣílé mi, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri Adó-Èkìtì kì í sọ ọ́ délẹ̀. Wọ́n ní mo rí àna mi fín. Wọ́n ní mo na àbúrò ìyàwó mi lójú bàbá rẹ̀. Ó dáa, ẹ gbọ́ tẹnu mi náà!

Ìwé mi kò pọ̀. Kíláàsì kejì ni mo wà tí bàbá mi fi fà mí lọ sóko. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń ra kòkó ní Adó, ta ni kò mọ̀ mí? Ẹ to ogún àpò kòkó sílẹ̀, ẹ dì mí lójú, imú mi nìkan á sọ èyí tó ti bu àti èyí tí wọ́n fi èéfín gbẹ fún yín. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ọ̀bẹ la kòkó wò, èmi ń gbóòórùn. Kì í ṣe ìgbéraga o, òtítọ́ ni!

Ọdún tí àwọn sọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún olóṣèlú ni mo kọ́ ilé mi parí. Ilé ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ wọ inú rẹ̀ dé balùwẹ̀. Mo tún lọ ra sítóòfù gáàsì wá láti Ìbàdàn. Ní àdúgbò wa nígbà náà, ta ló ní in? Àgbá gáàsì yóò wà lẹ́yìn ilé, páìpù irin yóò gba abẹ́ fèrèsé yàrá ìyá mi wọ kíṣìnì. Ìyá mi ti darúgbó, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, inú yàrá yẹn ló máa ń wà.

Nígbà tó kan ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ páìpù, ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi àbúrò òun sílẹ̀ kí n gbé iṣẹ́ fún àlejò ni. Káyọ̀dé, àbúrò rẹ̀, ọmọ Ìjàn-Èkìtì, púlọ́ńbà ni lóòótọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà fún Káyọ̀dé.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn: omi tó ṣe dára. Mo ṣí táàpù, omi tú yàà, kò jò níbì kankan! Ni mo bá ní kó ṣe ti gáàsì mọ́ ọn. Ó ní kò sóhun tó le níbẹ̀, páìpù ni gbogbo páìpù ń jẹ́.

Ọjọ́ ìṣílé wá kò, ọjọ́ Sátidé ni. Àlùfáà ìjọ wa ti wá gbàdúrà lọ. Bàbá ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjàn, jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ìlú pé iṣu tí a máa fi gún iyán lọ́jọ́ náà kò ní fojú kan igi ìdáná. Ìkòkò iṣu ti wà lórí sítóòfù. Àwọn ènìyàn há mọ́ ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ń dúró wo iná tí kò ní igi nídìí.

Káyọ̀dé lọ ṣí àgbá lẹ́yìn ilé, ó padà wọlé. Ìyá Bọ́sẹ̀ mú ìṣáná dání. Bí mo ṣe wọ kíṣìnì báyìí, nǹkan kan gbá mi nímú.

Mo ní kí gbogbo wọn dúró. Òórùn kí nìyí?

Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gáàsì tuntun ni, bó ṣe ń rùn nìyẹn.”

Mo ní a kò tí ì ṣí sítóòfù, níbo ló ti ń jáde? Ó ní bó bá jẹ́ pé ó ń jò, òun á fi iná wá ibi tó wà. Ó gba ìṣáná lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí páìpù, ó fẹ́ ṣá a! Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ìyá mi ń bẹ ní yàrá kejì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa.

N kò mọ ìgbà tí mo gbá ọwọ́ rẹ̀, pàá! Ìṣáná fò bọ́ sínú omi iṣu.

Ariwo ta. Bàbá Ìjàn ti dé ẹnu ọ̀nà. “Èétirí? Ọmọ mi lo nà lójú mi? Nínú ulé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ jáde kúrò ní kíṣìnì ná. Ẹ bá mi gbé ìbínú yẹn dé ìta.”

Mo sáré yí orí àgbá pa. Mo ṣí gbogbo fèrèsé. Mo gbé ìyá mi jáde. Ebi ti ń pa àlejò. Ìyá Bọ́sẹ̀ fà mí sí kọ̀rọ̀, omi ti lé sójú rẹ̀, ó ní kí n má dójú ti òun níwájú àwọn ènìyàn òun, kí n jẹ́ kí gáàsì náà tàn lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní rárá. Ó ní bàbá òun á bínú lọ. Mo ní kó máa bínú, ṣáà jẹ́ kó wà láàyè tí yóò fi bínú!

Igi la fi dáná. Níbo? Ẹ̀yìn ilé ni àgbá wà, n kò lè dáná níbẹ̀. Iwájú ilé ni, létí títì, níbi tí gbogbo Adó ń gbà kọjá! Èmi fúnra mi ni mo jókòó ti iná náà tèmi ti agbádá funfun, mo ń ti igi bọ̀ ọ́. Dàda, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ra kòkó, pariwo láti òdìkejì títì: “Oní-gáàsì! Gáàsì ìrókò ni tàbí gáàsì àyúnrẹ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Iyán pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ tán. Bàbá Ìjàn nìkan ni kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, ó rán àgbà méjì sí mi: n kò gbọdọ̀ mú àlejò wá tú iṣẹ́ ọmọ òun, kí Káyọ̀dé tún un ṣe fúnra rẹ̀. Mo ní gbogbo omi ilé mi jẹ́ ti Káyọ̀dé, ṣùgbọ́n gáàsì, rárá o!

Mo lọ bá Mùráínà, ọmọ Ọ̀fà tó ń gbé Adó. Ó ti bá àwọn onígáàsì ṣiṣẹ́ páìpù l’Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo sì ránṣẹ́ sí Bàbá Ìjàn pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wá, òun àti Káyọ̀dé. Bóyá ìtìjú mi ló fẹ́ wá wò, ta ló mọ̀?

Mùráínà kò béèrè ìṣáná. Ọṣẹ àti kànìnkànìn ló ní ká gbé wá. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó ṣí àgbá díẹ̀, ó ń fi ìfófó ọṣẹ ra gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀. Ti àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí nǹkan. Bàbá Ìjàn wúkọ́. Ìkẹta, lábẹ́ fèrèsé ìyá mi gan-an, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń hó pùkẹ̀pùkẹ̀!

Ó pa àgbá, ó tú ibẹ̀. Òwú àti ọ̀dà ni Káyọ̀dé fi dì í, bí ẹni tó ń di páìpù omi. Mùráínà kò bú u. Ó kàn ní omi a máa mú òwú yẹn wú, á sì dí pa. Gáàsì kì í mú un wú, ṣe ló ń gbẹ, tí á sì máa jò. Káyọ̀dé wolẹ̀.

Bàbá Ìjàn wo ọṣẹ náà títí. Ó ní, “Ó hó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ò bá fi ẹnu sọ ọ́.”

Mo ní, “Bàbá, ìṣáná ò ní dúró gbọ́.”

Mùráínà tún ibẹ̀ dì, gáàsì wa sì tàn. Títí di òní, Bàbá Ìjàn kò jẹun nílé mi. Káyọ̀dé ṣì ń wá tún táàpù mi ṣe, a sì ń ṣeré. Àwọn ènìyàn ní kí n lọ tún bẹ bàbá náà. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo dọ̀bálẹ̀ nítorí pé mo gbé ọwọ́ sókè níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé n kò jẹ́ kí wọ́n tan gáàsì yẹn? N kò ní bẹ ẹnikẹ́ni láyé!

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyí: ẹni tó mọ omi, ẹ gbé omi fún un. Gáàsì, ẹ wá ẹni tó ti ṣe é rí, ì báà jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí yín pẹ̀lú ẹni tí ẹ máa fi sílẹ̀. Bó bá sì ní ìṣáná lòun fi ń wá ibi tó ń jò, ẹ lé e jáde.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti gbé iṣẹ́ fún ọmọ ẹbí nítorí ojú, tó sì kábàámọ̀? Ẹ sọ tiyín, ẹ má tijú. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé mo ṣìṣe, kó kọ́kọ́ wá jókòó lórí ibùsùn ìyá mi, kó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ á tó páìpù náà.